Òdòdó Tí Omi Ń Pa

Ẹ̀yin ìyá ilé, bí ewé òdòdó inú ìkòkò bá rọ, ẹ má ṣe tètè bu omi sí i. Ẹ kọ́kọ́ ti ìka bọ inú erùpẹ̀. Bí ó bá tutù rinrin, kì í ṣe òùngbẹ. Gbòǹgbò ni ó ń jẹrà. Gbòǹgbò pẹ̀lú a máa mí, bí omi bá sì gba gbogbo àyè inú erùpẹ̀, kò rí afẹ́fẹ́ mọ́, kò sì lè fa omi sí ewé.

Opó kan nínú ìjọ wa ń bomi lówùúrọ̀ àti lálẹ́ sí òdòdó róòsì tí olóògbé ọkọ rẹ̀ gbìn sínú agolo tí kò ní ihò nísàlẹ̀. Nígbà tí a tú u, púpọ̀ nínú gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń rùn. A fi ọ̀bẹ mímọ́ gé wọn títí a fi kan èyí tí ó funfun tí ó sì le, a dín ẹ̀ka kù, a da erùpẹ̀ àtijọ́ nù (àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ ìbátan àrùn yìí, èyí tí ń sọ èso kòkó di dúdú lákòókò òjò), a sì tún un gbìn sínú ìkòkò amọ̀ tí ó ní ihò, pẹ̀lú erùpẹ̀ tuntun tí a po yanrìn mọ́. Láti ìgbà náà, kò sí omi àfi bí erùpẹ̀ òkè bá gbẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ewé tuntun tó yọ, ìyá náà sì ránṣẹ́ pè wá láti wá wò ó.