Ilé Ta La Wọ̀ Yìí?



Ọ̀rọ̀ owó ìsìnkú ló fà á. Ọ̀kan nínú wa ní Hamburg fẹ́ lọ sin ìyá rẹ̀ nílé, àwa ti Berlin náà sì dáwó. Ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló bá wa ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú LibreOffice. Ó kọ prógíráàmù kékeré kan sí i: téèyàn bá ti tẹ bọ́tìnì, á ka orúkọ àwọn tó dáwó láti inú fáìlì, á sì ro owó wọn pọ̀. Nílé wa, ó ń ṣiṣẹ́ geerege.

A fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá akápò ní Hamburg. Kò ṣiṣẹ́! Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì sẹ́ni tó mọ iye tó wà nílẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé bóyá àwa Berlin ń fowó pa mọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá wọ eegun.

Ọmọ náà gba fóònù. "Mọ́mì Hamburg, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé Windows lẹ̀ ń lò ni, àbí Linux?" Linux ni. Àṣé inú "C:\Egbe" ni prógíráàmù ń wá fáìlì lọ, bẹ́ẹ̀ Linux ò ní C kankan. Ó ní òun ló jẹ̀bi: ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ilé ẹni tó wọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń béèrè ni GetGUIType. Bí èsì bá jẹ́ 1, Windows ni. Bó bá jẹ́ 4, ìdílé Unix ni, ibẹ̀ ni Linux wà. Ó wá fi èyí kún un:

If GetGUIType() = 1 Then
ibi = "C:\Egbe\"
Else
ibi = "/home/akapo/Egbe/"
End If

Èyí yé wa. Àwa náà, tá a bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tá a gbọ́ "Moin", a mọ̀ pé Hamburg la dé. (Kíkí kan ṣoṣo láàárọ̀ àti lálẹ́! Yorùbá wo ló máa gbà?)

LibreOffice gan-an, ọmọ ìlú méjèèjì ni. Inú StarOffice ló ti ṣẹ̀ wá, iṣẹ́ ọwọ́ Star Division, tó wà ní Hamburg nígbà tí Sun Microsystems ti Amẹ́ríkà rà á ní 1999. LibreOffice bẹ̀rẹ̀ ní 2010, Berlin sì ni The Document Foundation tó ń bójú tó o fìdí kalẹ̀ sí.

Ọmọ wa ní tó bá dìgbà míì, òun ò ní béèrè orúkọ ilé mọ́ rárá. Inú fódà tí àkọsílẹ̀ náà bá wà ni kí prógíráàmù ti wá fáìlì. Ó ní ẹni tó ń lo Mac ṣì ń bọ̀.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ni ìyá akápò pè wá: ó ti ṣí, owó sì pé. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá o, àmọ́ wọ́n kí ọmọ náà dáadáa.