Láti Victoria Island Dé Lyceum: Ìrìnàjò Mi Nídìí Tíátà Olórin

Bí owó díẹ̀ bá yọ sí mi lọ́wọ́, tíátà ló máa ń gbé e lọ. Kì í ṣe fíìmù ni mò ń wí, kì í sì í ṣe eré tí wọ́n ká sínú fóònù. Eré orí ìtàgé ni, èyí tí òṣèré ti ń kọrin, tó ń jó, tó ń sọ̀rọ̀, tí àwọn onílù wà níbẹ̀ lójúkojú, tí ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé kò sì láyè láti ní kí wọ́n tún un yà. Mo ti tìtorí irú eré bẹ́ẹ̀ wọkọ̀ òru, mo ti tìtorí rẹ̀ sùn sílé onílé, mo sì ti tìtorí rẹ̀ sọdá òkun. Ohun tí mo rí lẹ́nu ìrìn wọ̀nyí ni mo fẹ́ rò fún ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà nídìí rẹ̀ tó kan gbogbo wa.

Ìbàdàn ni mò ń gbé, nítorí náà Èkó ni mo máa ń kọ́kọ́ dorí kọ. Eré tí wọ́n bá fi sí ìrọ̀lẹ́, òwúrọ̀ ni mo ti ń kúrò nílé, torí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó. Bí mo bá dé Bẹ́gà, màá wọ ọkọ̀ míì gba orí afárá Third Mainland, ọ̀sà lápá òsì, àwọn ilé orí omi Mákòko lápá ọ̀tún, títí a ó fi já sí Erékùṣù. Ní òpópónà Tiamiyu Savage, ní Victoria Island, ni Terra Kulture wà, ilé àṣà tí Bọ́láńlé Austen-Peters dá sílẹ̀ ní 2003. Gbọ̀ngàn ìṣeré tó wà níbẹ̀ kò tóbi púpọ̀, ọdún 2017 ni wọ́n ṣí i. Bí ó ṣe kéré yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀: ibi yòówù kí o jókòó sí, ojú òṣèré ń bẹ níwájú rẹ.

Eré tó so mí mọ́ ibẹ̀ pátápátá ni Fela and the Kalakuta Queens, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2017. Bí wọ́n bá dárúkọ Fẹlá, ohun tó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni fèrè rẹ̀ àti ìjà òun àti ìjọba. Ọ̀nà mìíràn ni eré yìí gbà. Ó gbé àwọn obìnrin tó yí i ká síwájú, àwọn tí ó fẹ́ 27 nínú wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní oṣù Kejì ọdún 1978, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn sójà dáná sun Kalakuta, ilé rẹ̀. Ilé ta ni wọ́n ti jáde wá? Kí ni ojú wọn rí? Kí ló mú wọn dúró? Orin àti ijó ni eré náà fi dáhùn.

Iwájú níbẹ̀ ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó. Mo rí ẹfun tí wọ́n fi tọ́ ojú àwọn obìnrin yẹn ní tótòtó, mo sì rí bí òógùn ṣe ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wà lókè ojú ọ̀kan nínú wọn ti ṣàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí apá kìíní tó parí. Kò nù ún. Ìdí ń mì, ẹsẹ̀ ń gbá ilẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì yẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ agbára ni iṣẹ́ yìí. Màmá kan tó jókòó tì mí, tí gèlè rẹ̀ dúró ṣánṣán, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Bí òṣèré ṣe ń lé orin lókè ni màmá ń gbè é nísàlẹ̀. Ó fọwọ́ tọ́ mi, ó ní, “Ọmọ mi, mo dé Shrine Fẹlá nígbà yẹn o. Bó ṣe rí gan-an nìyí.” Mo ní, “Ẹ kú orí ire, Mà.” Kò sẹ́ni tó ní kí màmá dákẹ́. Kó tó pẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn ti di elégbè, òṣèré tó ń ṣe Fẹlá sì yíjú sí wa, ó ń fi ọwọ́ darí wa bí ẹni pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wá.

Nígbà tó di Kérésìmesì ọdún 2018, Mọrèmi ni wọ́n gbé sórí ìtàgé yẹn kan náà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ìtàn yẹn rí: àwọn tó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ bora wá kó Ifẹ̀ lẹ́rù, obìnrin tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n mú òun lẹ́rú kó lè mọ àṣírí wọn, àti ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ ní odò Ẹsinmìrìn. A mọ̀ pé Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni yóò fi san án. Síbẹ̀, nígbà tí eré dé ibi sísan ẹ̀jẹ́, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wúkọ́. Ìtàn tí mo ti mọ̀ láti kékeré di ìròyìn tuntun, nítorí pé ìyá kan dúró níwájú mi, ó ń mí, ohùn sì há a lọ́nà ọ̀fun.

Mo padà sí Ìbàdàn, mo sì ń polongo eré wọ̀nyí fún ará àti ọ̀rẹ́ bí ẹni pé èmi ni wọ́n fi ṣe agbẹnusọ. Àmọ́ ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò bá fi rí owó àti àyè, eré ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àsìkò ọdún Kérésìmesì àti ti Àjíǹde ni eré ńlá máa ń pọ̀ jù nílùú wa. Bí ọdún bá ti kọjá, àwọn òṣèré á tú ká, aṣọ á wọ àpótí. Ẹni tí kò bá rí i nígbà yẹn, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún gbé e jáde, bí wọ́n bá tún gbé e jáde.

Ọkàn mi wúwo lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé ní Peckham, ló gbà mí sílé. Ó bi mí pé, “Àǹkù, níbo lẹ fẹ́ ká kọ́kọ́ lọ? Ṣé ààfin ni?” Mo ní kò sí ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe láàfin, kó mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe The Lion King. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀!” Ó wá ìjókòó méjì fún wa nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí èèyàn ń gbà kọjá. Owó rẹ̀ ta mí lára, mo sì san án.

Bọ́ọ̀sì alájà méjì gbé wa sọdá odò Thames, a fẹsẹ̀ rìn dé òpópónà Wellington, níbi tí gbọ̀ngàn Lyceum wà pẹ̀lú àwọn òpó gàgàrà tó dúró níwájú rẹ̀. A wọlé, a jókòó, iná kú. Ohùn obìnrin kan ṣoṣo ta sókè ní èdè Súlù. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹranko ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá lọ sórí ìtàgé. Erin dé láti ẹ̀yìn wa, àwọn èèyàn ló wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan ń ti ohun èlò onítáyà kan lọ, àwọn àgbọ̀nrín kéékèèké sì ń fò sókè-fò sílẹ̀ lórí rẹ̀ bí táyà ti ń yí. Ẹni tó ń ṣe àgùnfọn fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ di igi gíga mẹ́rin mú, ó ń fi wọ́n rìn jẹ́jẹ́, orí àgùnfọn sì ga lókè orí tirẹ̀. Apá ọ̀tún àti apá òsì gbọ̀ngàn ni àwọn onílù wà, tí a ń rí wọn kedere.

Julie Taymor ló darí eré náà, òun ló sì gbèrò àwọn agọ̀ rẹ̀. Ohun tó ṣe tó wọ̀ mí lára jù ni pé kò fi òṣèré pamọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀ egúngún, a kì í rí ojú rẹ̀. Ará ọ̀run ni. Nínú eré yìí, agọ̀ kìnnìún wà lókè orí, ojú èèyàn wà lábẹ́ rẹ̀, méjèèjì ni o sì ń wò pa pọ̀. Nígbà tí ọba kìnnìún kú, àwọn abo kìnnìún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún: aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ funfun ni wọ́n ń fà jáde láti ojú agọ̀ wọn, gígùn gbọọrọ. Kò sí omi, kò sí ẹ̀rọ kankan. Aṣọ lásán ni, àmọ́ mo rí omijé. Ọ̀dọ̀ Lebo M, ọmọ South Africa, ni àwọn orin ìran Áfíríkà tó wà nínú rẹ̀ ti wá, pẹ̀lú ti Elton John àti Tim Rice.

Àwọn òǹwòran ibẹ̀ kì í gbè. Wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́, orin á parí, àtẹ́wọ́ á dún bí ẹni pé òrùlé fẹ́ ṣí, wọn á tún dákẹ́. Ó ní ẹwà tirẹ̀, nítorí mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láìsí ìdíwọ́. Àmọ́ àárò màmá onígèlè sọ mí.

Nígbà ìsinmi agbedeméjì, ìyá àgbà òyìnbó kan tó jókòó níwájú wa ń ra áísìkirímù fún ọmọdébìnrin kan. Òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dọ̀rẹ́ kíá. Ó ní ọmọ ọmọ òun nìyẹn. Ó ní òun ti mú ìyá ọmọ náà wá wo eré yìí kan náà, nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà, nígbà tí ìyá náà gan-an wà lọ́mọdé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé kúrò ní Lyceum, ó sì wà lọ́kàn mi títí dòní. Láti 1999 ni The Lion King ti wà níbẹ̀. Les Misérables ti bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1985, The Phantom of the Opera láti 1986. Ìgbà mẹ́jọ lọ́sẹ̀ ni irú eré bẹ́ẹ̀ máa ń wáyé. Bí òṣèré kan bá ṣàìsàn, ẹlòmíì ti wà ní sẹpẹ́ tó mọ ipa rẹ̀ látòkè délẹ̀. Télọ̀, káfíńtà, oníná, onílù, gbogbo wọn ló ń jẹun nídìí rẹ̀ lóṣooṣù.

Ṣé a kò ní ohun tí a ó fi ṣe tiwa ni? A ní in. Ní 1944 ni Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Memorial Hall l'Ékòó. Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So, eré nípa Ṣàngó, jáde ní Òṣogbo ní 1963; nígbà tó fi di 1964, ó ti gbé e dé Berlin ní Jámánì. Bàtá, dùndún, orin, ijó, oríkì, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú eré kan. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi orin Fẹlá ṣe Fela! ní Broadway ní 2009, ó gba àmì ẹ̀yẹ Tony mẹ́ta, wọ́n sì gbé e wá sí Èkó ní 2011. Wakaa, tí Austen-Peters darí, dé gbọ̀ngàn Shaw ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2016. Orin ò wọ́n wa, ìtàn ò wọ́n wa, òṣèré ò sì wọ́n wa. Ohun tó wọ́n wa ni eré tó dúró síbì kan.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Láyé Ògúndé, ọkọ̀ ẹgbẹ́ tíátà máa ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á ṣeré lóru, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á tún gbéra. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tí ẹ̀rù olè kò jẹ́ kí èèyàn jáde lálẹ́ mọ́, tí fídíò sì dé, ìtàgé dá páropáro. Lónìí, owó gbọ̀ngàn wọ́n, owó dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, ọ̀nà kò já gaara. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká bẹ̀rẹ̀ níwọ̀nba. Gbọ̀ngàn National Theatre ní Igánmú ti rí àtúnṣe, orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n sì fi pè é láti 2024. Kí wọ́n ya yàrá kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún eré kan ṣoṣo tí yóò máa wáyé ní ọ̀sán gbogbo Sátidé, yípo ọdún, kí ará Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta lè wò ó kí wọ́n sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí Òṣogbo náà ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Ọba Kò So. Àwọn àlejò tó ń wá sí igbó Ọ̀ṣun kò yẹ kí wọ́n wá kí wọ́n má rí Ṣàngó lórí ìtàgé.

Ẹ̀yin ìjọba ìpínlẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yin olówó tó ń ná owó lórí ayẹyẹ, ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún tíátà. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń ṣe eré orí ìtàgé nítòsí yín, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sì mú ọmọ kan dání. Ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá gbé e sínú fóònù. Eré tí a kò bá jáde lọ wò, kò sí bí yóò ṣe pẹ́ nílẹ̀.