Kí Là Ń Lọ Ṣe ní Sàréè?



Ní Sátidé tó kọjá, ìkíni la kọ́ ní kíláàsì: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ilé, ẹ kú ọdún. Ọmọ kan bá béèrè pé, “Tíṣà, tí a bá lọ sí Nàìjíríà, dádì mi máa ń lọ kí bàbá wọn ní sàréè. Ṣé wọ́n ń gbọ́ ni?” Ìbéèrè yẹn bá mi délé ní Huntstown.

Nígbà tí màmá mi kú ní Ìsẹ́yìn, Dublin níbí ni mo wà. Àwa Mùsùlùmí kì í pẹ́ sin òkú. Kí n tó rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀, wọ́n ti sin màmá. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni mo bá. Ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí sàréè wà. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe, kí n ní kí màmá ṣàdúrà fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi di apá mi mú. Wọ́n ní, “Dìde. Màmá ti ṣàdúrà fún ọ tó. Ìwọ ló kàn.”

Ohun tí a ń lọ ṣe ní sàréè nìyẹn. A ó kí àwọn tó wà níbẹ̀ pé kí àlàáfíà máa bá wọn, a ó sì bẹ Ọlọ́run kó forí jì wọ́n. A kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ òkú. Ànábì Muhammad kọ́kọ́ kọ̀ fún àwọn ènìyàn láti máa lọ sí sàréè, kí wọ́n tó wá yọ̀ǹda rẹ̀, nítorí pé ó ń rán ni létí ọ̀run.

Ṣé òkú ń gbọ́? Èyí tó dá mi lójú ni pé Ọlọ́run ń gbọ́.

Àwọn Mùsùlùmí Dublin ní ibi ìsìnkú tiwọn ní Newcastle. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ wà níbẹ̀ lè gba M50 lọ kí i. Ẹni tí tirẹ̀ wà nílé, kó má dúró de owó ọkọ̀. Àdúrà kò gba físà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ béèrè orúkọ bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà yín kan tó ti lọ, àti ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ mú un wá ní Sátidé. Ẹ̀yin tí ilé yín kì í ṣe Mùsùlùmí náà, ẹ bá wa ṣe é. Kò sí ilé tí kò ní ẹni tó ti lọ.