Tíkẹ́ẹ̀tì ₦500

Ọ̀rọ̀ àjọ̀dún orin tí a ṣe ní oṣù kẹta ọdún 2023 ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí wọ́n ní ₦500 ni tíkẹ́ẹ̀tì, àwa ọmọ JSS2 pariwo. Àbúrò bàbá mi tó ń gbé Ìkẹjà ti sọ fún mi pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ Felabration, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1998. Kí ló dé tí tiwa fi wọ́n? Sìníọ̀ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ká lọ bi ẹni tó ń ta epo jẹnẹrétọ̀. Wọ́n á tún háyà sípíkà, wọ́n á sì fún onílù dùndún lówó.

Owó wà lọ́wọ́ mi o, ₦1,000 tí màmá mi fún mi, àmọ́ àtijọ́ ni. Ẹ rántí pé CBN ti yí owó padà nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ gba àtijọ́. Sìníọ̀ wò ó, ó ní, "Gbé e lọ, mi ò gba bébà." Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń sùn lórí bọ́ǹkì kan náà, ọmọ Onitsha, ló mú owó tuntun jáde, ó san ti àwa méjèèjì. "Abokina," ó ní, "wàá san án tó bá yá."

Wọ́n dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 25 oṣù kejì. Ilẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kẹta kò tíì mọ́ tán tí INEC fi kéde pé Bola Ahmed Tinubu ló wọlé, pẹ̀lú ìbò 8,794,726. Ibi tí a ti ń pọn omi la ti gbọ́ ọ nínú rédíò ọ̀gá ilé wa. Ẹnìkan gbé mi sókè, ó ń pariwo pé, "Ẹ̀yin Yorùbá ti gbà á!" Mo rẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn ni mo rí ọ̀rẹ́ mi pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Peter Obi ni gbogbo ilé wọn fẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí ẹni tí bàbá mi dìbò fún; bàbá mi gan-an ò sọ fún mi. (Ní Kaduna níbí, Atiku ló mú ipò kìíní, nítorí náà inú àwọn mìíràn náà ò dùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.)

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo mú tíkẹ́ẹ̀tì lọ bá a pé kó tà á fún ẹlòmíì. Ó ní, "Ṣé mo ní kó o dá a padà ni?" Ó kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Mo sáré gbé ₦1,000 mi lọ fún un. Ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ta ló máa gbà á lọ́wọ́ mi?" Òótọ́ ni, ìyá oníbúrẹ́dì ṣì ń kọ̀ ọ́.

Ní Sátidé, iwájú ló lọ jókòó sí, kò dúró dè mí. Àmọ́ nígbà tí onílù bẹ̀rẹ̀ sí í fi dùndún ki àwọn olùkọ́, ó bojú wẹ̀yìn, ó ń wá mi kiri. "Kí ló ń wí?" Mo bọ́ síwájú lọ túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kejì kí ìyá oníbúrẹ́dì tó gba owó mi. Mo gba ṣéńjì, mo fún ọ̀rẹ́ mi ní ₦500 rẹ̀. Ó kà á. Bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni.