Ìgò Méjìlá

Alásè ni màmá mi. Bí ẹ bá ti jókòó níbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti jẹ fráìdì ráìsì wọn. Iṣẹ́ tèmi nínú rẹ̀ ni gíríìn bíìnsì. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń já a lórí, tí mo ń já a nídìí, tí mo sì ń gé e wẹ́wẹ́ ní òru Jímọ́ọ̀ títí oorun á fi máa kùn mí. Láti Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń kó o wá, ọjà Bódìjà la ti ń rà á, owó rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tó kọjá, àwọn kan tó gbé iṣẹ́ fún màmá mi sún ìgbéyàwó wọn síwájú nígbà tó ku ọjọ́ méjì péré. A ti ra gbogbo nǹkan. Ìrẹsì àti òróró kò ní wàhálà, àwọn aládùúgbò bá wa ra kárọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n gíríìn bíìnsì kún àpò kan sílẹ̀, kò sì sí iná. Fírísà wa ti di kọ́bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ mẹ́rin.

Mo ti ka ìtàn Nicolas Appert nínú ìwé kan. Ará Faransé ni, oúnjẹ àti nǹkan dídùn ló ń sè tà. Òun ló rí i pé bí èèyàn bá kó oúnjẹ sínú ìgò, tó dí i pa, tó sì se ìgò náà nínú omi, oúnjẹ ọ̀hún á pẹ́. Ìjọba Faransé fún un ní 12,000 fráǹkì, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1810. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ìtàn náà ni pé alásè ni, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ní bí Appert bá ṣe é, èmi náà á ṣe é.

Màmá mi kì í da ìgò máyónéèsì nù. Mo fọ méjìlá, mo sè wọ́n, mo to gíríìn bíìnsì sínú wọn lóòró bí ẹni to igi ìdáná, mo bu omi gbígbóná oníyọ̀ lé e, mo dé wọn pinpin. Mo wá kó gbogbo wọn sínú ìkòkò òde, mo sè wọ́n fún odidi wákàtí kan. Bí wọ́n ṣe ń tutù, ìdérí wọn ń dún kọ́, kọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ̀ wọnú. Mo ka ìró náà títí ó fi pé méjìlá. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni mo kó wọn sí. Gbogbo àlejò tó bá wọlé, màmá mi á ní kí n gbé ọ̀kan wá: "Ẹ wo iṣẹ́ ọmọ mi." Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, gíríìn bíìnsì wọ́n bí ojú. Màmá mi gba iṣẹ́ ìgbéyàwó kan, wọ́n sì dín owó fún oníbàárà náà, torí wọ́n ti ṣírò ìgò méjìlá mi mọ́ ọn.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, tíṣà Bàọ́lọ́jì wa ń kọ́ wa nípa bakitéríà. Ó dárúkọ ọ̀kan, Clostridium botulinum. Ó ní inú erùpẹ̀ ló ń gbé. Bí ibi tó wà kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, á ká ara rẹ̀ jọ bí irúgbìn tí èèpo rẹ̀ le, omi híhó kò sì lè pa irúgbìn yìí, ì báà hó fún wákàtí kan. Ibi tí kò sí afẹ́fẹ́, tí kò kan, tí kò sì tutù, ló ń wá. Bó bá ti rí i, á hù, á sì máa pọ májèlé tó ń mú kí ojú èèyàn rí ohun kan ní méjì, kí ahọ́n wúwo, kí èémí di iṣẹ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló ń ṣàpèjúwe.

Mo nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò ní rùn?"

"Ó lè rùn, ó sì lè má rùn rárá."

"Tí a bá tún un sè ńkọ́, sà?"

Ó ní bí èèyàn bá sè é dáadáa, iná a máa ba májèlé náà jẹ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ẹ̀mí ẹlòmíì dán an wò? Mo sì mọ fráìdì ráìsì wa. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni gíríìn bíìnsì ń lò lórí iná, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà kú.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe délé. Mi ò sọ. Ìtìjú ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Mo ń rántí gbogbo àlejò tó ti yìn mí. Mo ń sọ fún ara mi pé àwọn tó jẹ oúnjẹ Appert kò kú.

Ní òru Jímọ́ọ̀, wọ́n ní kí n lọ kó ìgò wá. Mo kó o wá. Màmá mi gbé àkọ́kọ́, wọ́n fi aṣọ di ìdérí rẹ̀ mú.

"Ẹ má ṣí i, mà."

Mo rò gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbé ìgò náà sókè síbi iná, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Èyí tó mọ́ báyìí? Oúnjẹ tó bá bàjẹ́ a máa rùn."

"Kì í ṣe dandan kí èyí rùn, mà."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Ìbéèrè tí mo ń sá fún nìyẹn. "Àná, mà."

Wọn ò gbá mi. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi. Wọ́n gbé ìgò náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹyin. "Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn," ni wọ́n wí, wọn ò sì sọ nǹkan mìíràn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti wà ní Bódìjà. Èmi ni mo ń kọ ìwé ìṣirò wọn, nítorí náà mo mọ̀ pé ohun tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ náà kò tó owó gáàsì. A kò ṣí ìgò kankan. A dì wọ́n sínú nylon méjì, a so ó, a kó o dànù. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni màmá mi ń bá mi sọ.

Tíṣà wa ló ṣàlàyé ohun tí mo ṣe tí kò dáa. Omi lásán kì í gbóná ju 100 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Ìkòkò onípẹrẹ́ṣọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún ìgò ló lè gbé e dé 116, a kò sì ní irú rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kíkan. Bí pH oúnjẹ bá ti wà nísàlẹ̀ 4.6, irúgbìn yẹn kò lè hù. Tòótọ́ ni, ilé wa kò ṣàì mọ̀ pé kíkan ń tọ́jú nǹkan: ògì wà níbẹ̀.

Ní ọlidé oṣù kẹjọ, mo tún un ṣe. Ìgò mẹ́rin péré. Ìlàjì fínígà tí wọ́n kọ 5% sí lára, ìlàjì omi, iyọ̀, aáyù, ata. Mo sè wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màmá mi káwọ́ gbera lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Nígbà tí a tọ́ ọ wò, ó ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu, ó sì kan gan-an.

"Èyí ò lè wọ fráìdì ráìsì láyé," ni wọ́n wí. Òótọ́ ni. Ẹja díndín la fi ń jẹ ẹ́.

Ìgò kan ló kù báyìí. Màmá mi ti fi bíró kọ FÍNÍGÀ gàdàgbà sára rẹ̀, àti ọjọ́ tí mo sè é. Síbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ ṣí ìgò, wọ́n á kọ́kọ́ pè mí.

"Èyí ńkọ́?"

"Ti fínígà ni, mà."

Wọ́n á wò mí lójú fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i.