Káàdì ₦8,000 tó gbé àkọsílẹ̀ ẹyin wa mì

 

Ṣógúnlé làwa tọkọtaya yìí ń gbé, lápá ibi tí a ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀yìn ilé wa la ti ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin, wọ́n lé díẹ̀ ní 200. A sì ní ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ díẹ̀ ní Ìfọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé kò sí àgbẹ̀ ní Ṣógúnlé, ẹ wá gbóòórùn ẹ̀yìn ilé wa lásìkò òjò, ẹ ó gbà.

Ọ̀rọ̀ tá a mú wá lónìí kì í ṣe ti àìsàn adìyẹ. Ọ̀rọ̀ fóònù ni, àti bí èèyàn ṣe lè rà á lówó tó dáa láìjẹ pé wọ́n lù ú ní jìbìtì. Wọ́n lu àwa ní jìbìtì. Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kó má bàa ṣe yín.

Lọ́dún tó kọjá, àgbàrá òjò wọ yàrá tá a ń kó ẹyin sí. Ìwé tá a ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí rin gbingbin, kò ṣeé kà mọ́. A ní ó tó gẹ́ẹ́, fóònù la ó máa lò. A ra pátákó funfun kékeré kan, a gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá gba ẹyin láwìn, a ó kọ orúkọ ẹ̀ àti iye kéréètì tó gbà síbẹ̀. Tó bá dalẹ́, a ó ya pátákó yẹn ní fọ́tò, a ó nù ún mọ́ fún ọjọ́ kejì. Ọjọ́ tá a fún adìyẹ ní àjẹsára Lasota nínú omi, ọjọ́ tá a ra oúnjẹ, gbogbo ẹ̀ là ń kọ tá a sì ń yà.

Kò pẹ́ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé òun ti kún. Ọ̀kan nínú wa ní ká ra mẹ́mòrì káàdì. Èkejì ní ká ra ìwé míì. Ẹni tó ní ká ra káàdì ló borí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kiri ọjà láàárín sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ló tà á fún wa. 512GB ló kọ sára ẹ̀. Ó pè é ní ₦10,000, a ná an, ó gba ₦8,000. Inú wa ń dùn, a rò pé a rí he ni.

Nǹkan bí oṣù márùn-ún la fi lò ó. Fọ́tò pátákó wọ ibẹ̀, fídíò oko wọ ibẹ̀, fídíò ìgbéyàwó àbúrò wa náà wọ ibẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kan la fẹ́ ṣírò owó tó wà níta, torí ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ fún wa ní òun ò ní gbé àpò míì sílẹ̀ àfi tá a bá san ti tẹ́lẹ̀. A ṣí fọ́tò. Orúkọ fọ́tò wà níbẹ̀, ọjọ́ tá a yà á wà níbẹ̀, àmọ́ inú ẹ̀ ṣófo. Òmíràn jẹ́ eérú lásán, òmíràn ò tiẹ̀ ṣí. Ti oṣù méjì àkọ́kọ́ nìkan ló yè.

Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa ló bá wa fi káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó lo áàpù kan tó ń jẹ́ H2testw, ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó ní, "Mọ́mì, Dádì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Káàdì yìí ò ju 8GB lọ."

Ó ṣàlàyé fún wa. Ó ní àwọn kan máa ń yí ọpọlọ káàdì padà kó lè máa parọ́ fún fóònù pé òun tóbi. Ó dà bíi kéèyàn kọ 25kg sára àpò oúnjẹ adìyẹ, kó wá di 5kg sínú ẹ̀. Títí tí ibi tó wà níbẹ̀ lóòótọ́ fi máa kún, gbogbo nǹkan á máa lọ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tẹ́ ẹ bá tún kó sí i á kàn pòórá, tàbí kó lọ jókòó lé èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fóònù sì máa ń tọ́jú àwòrán kékeré fọ́tò kọ̀ọ̀kan sínú ara ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé wọ́n wà lójú wa ní gbogbo ìgbà yẹn.

Owó tó wà níta lé ní ₦180,000, ìyẹn dá wa lójú. Àmọ́ ta ló jẹ èwo? A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan ní kéréètì méjì péré lòun gbà, àwa sì rò pé márùn-ún ni. Kí la fẹ́ fi jà? Ẹlòmíì ní òun ti san. A kúrò níbẹ̀, ara wa ò yá, alẹ́ ọjọ́ yẹn àwa méjèèjì ò bára wa sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyá kan tó ń din ẹyin tà nítòsí PWD fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá sílé wa. Ó ti gbọ́. Ó fa ìwé ẹlẹ́ẹ̀wẹ̀ kan yọ nínú báàgì, ó ní, "Bàbá Ẹlẹ́yin, Ìyá Ẹlẹ́yin, kéréètì mọ́kànlá ni mo jẹ yín. Ọjọ́ tí mo gbà á nìyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan." Àwa ti ń sọ láàárín ara wa pé bóyá mẹ́jọ ló jẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi san án tán. Ìwé pélébé yẹn ṣe ohun tí 512GB wa ò lè ṣe.

Nígbà tá a kó gbogbo ẹ̀ jọ, nǹkan bí ₦120,000 la rí gbà. Ìyókù ti bá omi lọ. Owó àpò oúnjẹ bíi mẹ́ta nìyẹn, ẹni tó bá ń sin adìyẹ á mọ ohun tá à ń sọ.

Nígbà tá a wá fẹ́ ra fóònù tó láàyè dáadáa, a ò tún sáré mọ́. Ohun tá a ṣe nìyí, ẹ mú èyí tó bá wúlò fún yín.

Àkọ́kọ́, a ò kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó ń ta fóònù. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe la lọ. Ẹni tó ń tà á á yìn ín. Ẹni tó ń tún un ṣe ló mọ èyí tó máa ń dé ọ̀dọ̀ òun pẹ̀lú àrùn kan náà, èyí tí bátìrì ẹ̀ ń tètè wú, èyí tí ojú ẹ̀ wọ́n tó bá fọ́. Ṣebí tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òròmọdìyẹ, dókítà ẹran lẹ́ ẹ máa bi, ẹ ò ní bi ẹni tó gbé páálí dání. Ọmọ yẹn dárúkọ irú fóònù mẹ́ta fún wa, ó sì sọ ìdí tó fi dárúkọ wọn.

Èkejì, a wo iye tí wọ́n ń tà wọ́n lórí Jumia ká tó jáde nílé. Kì í ṣe pé dandan ká rà á níbẹ̀. Ó jẹ́ ká mọ ibi tí owó ẹ̀ wà ni. Tí ẹnì kan bá wá pè é ní ìdajì iye yẹn, ẹ má yọ̀, ẹ béèrè ìdí. Ká ní a ti béèrè iye tí wọ́n ń ta ojúlówó káàdì 512GB ni, a ò ní fi ₦8,000 ṣòfò.

Ẹ̀kẹta, a lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, kò jìnnà sí wa. Ilé gbígbé ni òpópónà Otigba tẹ́lẹ̀ kí àwọn oníkọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á láwọn ọdún 1990. Ní báyìí, tẹ́ ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa fà yín lápá ọ̀tún, wọ́n á máa fà yín lápá òsì. Ẹni tó ń fa èèyàn lápá lè má ní ṣọ́ọ̀bù. A wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, a béèrè, a ò sanwó. Ọjọ́ kejì la padà lọ rà á.

Fóònù tòkunbọ̀ la rà. Kí a tó kówó sílẹ̀:

– A tẹ *#06#. Nọ́ńbà IMEI tó jáde, ẹyọ 15 ni, a wò ó bóyá ó bá ti inú ètò fóònù àti ti ara páálí mu. Tí wọn ò bá bára mu, ẹ dá a padà.
– A ní kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ rẹ́ lójú wa, kí wọ́n sì tan án láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá ń béèrè àkáǹtì Google ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, ẹ má rà á. Ó lè jẹ́ ti olè.
– A fi síìmù tiwa sí i, a pe ara wa, a tan dátà, a gbé e jáde sínú oòrùn láti wo ojú ẹ̀. Oko la fẹ́ máa lò ó sí, kì í ṣe pálọ̀.
– A wo Android tó wà lórí ẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, WhatsApp ò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí èyí tó bá kéré sí 5.0. Fóònù tó ti gbó jù lè pọ́n lára, kó má wúlò fún yín.
– A gba rìsíìtì tí nọ́ńbà IMEI, iye ọjọ́ tá a lè dá a padà, àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù wà lórí ẹ̀.

Tó bá jẹ́ mẹ́mòrì káàdì lẹ fẹ́ rà, ẹ dán an wò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á gan-an. Ẹ fi H2testw yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá sí kọ̀ǹpútà, ẹ kó fídíò sí i títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kẹ́ ẹ wá ṣí àwọn tẹ́ ẹ kó sí i gbẹ̀yìn wò.

Ó ku ti áàpù. Àwọn tó dáa fún àgbẹ̀ pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ẹ̀gẹ́ wa ní Ìfọ̀, AKILIMO là ń lò. Àwọn IITA ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣe é, ó máa ń sọ irú ajílẹ̀ tó yẹ ilẹ̀ yín àti ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ gbìn. PlantVillage Nuru náà wà. Tẹ́ ẹ bá gbé kámẹ́rà fóònù sí ewé ẹ̀gẹ́, á sọ fún yín bóyá ó ní àrùn, kódà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Ẹ gbà wọ́n lórí Play Store, ẹ má gba èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lásán. Áàpù tó bá fẹ́ ka ẹyin tó wá ń tọrọ láti wo nọ́ńbà gbogbo èèyàn yín, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ti dátà náà kì í ṣe kékeré. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ máa há kóòdù sórí mọ́. Láti ọdún 2023, àjọ NCC ti mú kóòdù àwọn ilé iṣẹ́ fóònù bára mu: *312# lẹ fi ń ra dátà, *323# lẹ fi ń wo èyí tó kù. Ẹ wo gbogbo ohun tí *312# bá gbé jáde kẹ́ ẹ tó yan, èyí tó wọ́n díẹ̀ tó sì pẹ́ lè dín owó ju èyí tó pọ́ọ́kú tó jẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ sì pa ètò tí WhatsApp fi ń gba fídíò fúnra ẹ̀. A pa á, dátà wa wá ń pẹ́ lọ́wọ́.

Lónìí, pátákó funfun yẹn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá dalẹ́, a ó yà á, fọ́tò náà á sì gòkè lọ sórí Google, níbi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní àyè 15GB lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ní ká ra ìwé nígbà yẹn á mú bírò, á dà á kọ sínú ìwé, a fi nǹkan tómi ò lè wọ̀ wé e. Ẹni tó ní ká ra káàdì ló ń di àtùpà mú. Kò jiyàn mọ́.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀yin náà, irú fóònù wo ló ń bá yín ṣiṣẹ́ lóko, tí kò já yín kulẹ̀? Ẹ sọ fún wa, ká lè jọ jàǹfààní. A kí yín láti Ṣógúnlé. Àwọn adìyẹ ń ké, ó ti tó àkókò oúnjẹ wọn.