Ilé Ẹmu Tí Wọ́n Ti Lé Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ń wá ilé ọtí tó dára, ẹ má wo àga, ẹ má sì wo iná mèremère. Ẹ wo ohun tí ọlọ́tí ń ṣe nígbà tí ẹ bá ti mu tó, tí owó ṣì kù lápò yín.

Ilé ìwé ìròyìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn. Bí iṣẹ́ bá parí nírọ̀lẹ́, ọ̀fun á ti gbẹ. Star tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ní Nàìjíríà ní 1949, Guinness tí ilé ìpọntí rẹ̀ n'Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, mo mọ adùn wọn, mo mọ ìkorò wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a gbowó oṣù, mo di ọ̀gá nílé ọtí. Mo ní kí wọ́n fún tọ̀tún, kí wọ́n fún tòsì. Gbogbo wọn ń kí mi ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Ilẹ̀ mọ́, owó ilé-ìwé àkọ́bí mi ti wọmi. Ìyàwó mi ò bá mi jà o. Ó kàn ṣí àpótí, ó mú aṣọ òfì ìgbéyàwó rẹ̀, ó lọ tà á. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Tèmi, ìyàwó mi ló bá mi rù ú.

Ọdún yẹn náà ni mo gun alùpùpù lọ kí àbúrò ìyá mi n'Ímínì. Mo gba ọ̀nà Ọ̀yọ́, mo kọjá Fìdítì tí wọ́n ti ń ta ọsàn lẹ́bàá títì. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo yà nílé ẹmu kan. Bẹ́ǹṣì mẹ́ta lábẹ́ igi máńgòrò, akèrègbè, ahá, ó parí. Bàbá tó ń ta ẹmu náà ló ń dá a fúnra rẹ̀. Ẹmu àárọ̀ a máa dùn bí oyin. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti le. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Ìdí nìyẹn tí ẹmu gidi kì í fi í rìn jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló ń wá a lọ.

Mo mu ahá mẹ́ta. Mo nawọ́ fún ìkẹrin. Bàbá wo alùpùpù mi.

"Ìwọ lo gùn ún wá?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ó tó."

Mo fi owó hàn wọ́n.

"Mo rí i. Láti kékeré ni mo ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ, n kì í fẹnu kan ẹmu kí n tó gùn ún. Ẹni tó máa gun nǹkan ò gbọdọ̀ yó. Mú kọ́kọ́rọ́ yẹn wá, kó o jókòó kójú ẹ dá. Wá mu ìyókù lọ́la."

"Á ti kan lọ́la, Bàbá."

"Màá dá òmíràn."

Inú bí mi. Mo jókòó, mo mu omi, mo ń kùn. Nígbà tí ojú mi dá, wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní kí n kí ìyàwó mi.

Mo délé, ìyàwó mi gbọ́ òórùn ẹmu lẹ́nu mi. Mo kó gbogbo owó tó wà lápò mi lé e lọ́wọ́. Ó kà á, ó wò mí, ó lọ bu oúnjẹ. Òfì yẹn ò tíì padà. Mò ń tu owó rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ wá ibi tí wọ́n á ti lé yín lọ sílé.